Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ rìn, yàrá ìwẹ̀ ni obìnrin náà wà. Ó gbọ́ gbì, gbì, gbì, ó rò pé ẹnìkan ló ń kan ilẹ̀kùn, ó sì pariwo pé, "Mò ń bọ̀ o!" Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí náà inú rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀díẹ̀ kí ó tó yọjú sí ilé ìdáná. Ẹ̀rọ náà ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ń mì, ó ń fò, ó ń wọ́ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ní ìpàdé níta. Ìgbà tí wáyà nà tán, tí púlọ́ọ̀gì já kúrò lára ògiri, ló tó dákẹ́.

"Ibo lò ń lọ?" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í. "Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni?"

Ìsàlẹ̀ ni ìdáhùn ti wá. Kò, kò, kò. Bàbá Aláago, tó ń gbé yàrá abẹ́ tirẹ̀, ń fi ọ̀pá gbá àjà.

Kì í ṣe pé Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ mọ́. Ọ̀kan péré ló kù, ti ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn sí ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó máa ń so wọ́n mọ́ ìdí, wọ́n á máa dún ṣàràṣàrà bí ó bá ti ń bọ̀, gbogbo ẹni tó ń ṣe ohun tí kò yẹ á sì sá wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti ti ilẹ̀kùn ọmọ ọlọ́mọ tán, á sáré wá sílé wá ṣílẹ̀kùn fún mẹ́rin tirẹ̀. Ariwo ló fi ṣe iṣẹ́ jẹ, ariwo náà ló ń bá a délé. Nígbà náà, àdúrà tó máa ń gbà jù ni pé kí Olúwa jọ̀ọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ibi gbogbo yóò pa rọ́rọ́. Ó gbà á ní àgbàjù.

Ọkọ rẹ̀, tó máa ń wa ọkọ̀ epo, ló ra ẹ̀rọ náà. Ó ní òun ò lè máa wo ìyàwó òun kó máa tẹ̀ba lórí báàfù lẹ́yìn tó ti dúró lẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ gbé e gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi ní gbogbo ìdúró, wọ́n ń bú ara wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí ẹ̀rọ yẹn ò rí: yunifọ́ọ̀mù ọmọ, ṣòkòtò tó rin fún epo, ìbọ̀sẹ̀ tó wọlé ní méjì tó jáde ní ọ̀kan. Ó ń yí, ó ń kùn, kò kúrò lójú kan rí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èyí lọ sílé ọkọ, èyí gbéyàwó, èyí ríṣẹ́ sí ibi tó jìnnà, àbíkẹ́yìn náà sì ní òun fẹ́ máa dá gbé, àfi bí ẹni pé ìyá òun ń lu òun nílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìnura lọ nínú ti ilé. Bàbá wọn lọ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, kò sì jí mọ́. Láti ìgbà náà, aṣọ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń fọ̀.

Alámòójútó ilé gòkè wá bá a. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń bẹ̀bẹ̀ kó tó bá èèyàn wí.

"Ẹ má bínú sí mi o, Ìyá Kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo wá jẹ́. Bàbá Aláago ti fi yín sùn onílé. Wọ́n ní gbogbo súkúrúù aago kéékèèké tí wọ́n tò sórí tábìlì ló fọ́n ká sílẹ̀. Onílé ní bí ẹ̀rọ yín bá tún mi ilé yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó gbé e kúrò."

"Kí n gbé e lọ sí ibo?"

"Ìyẹn ni wọn ò sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yìí kó ìdààmú bá a. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ṣubú lé lórí lọ́jọ́sí kò lè fún aṣọ mọ́, ìyẹn jẹ́ ìdí kan. Ìdí kejì, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé yẹn, ẹ̀rọ náà nìkan ni ohun tí ọkọ rẹ̀ fi èjìká ara rẹ̀ gbé wọlé.

Ó pe àkọ́bí rẹ̀ lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ gbé fóòmù sábẹ́ rẹ̀," ni ọmọ náà wí, ó sì ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó tẹ́ ẹ. Kò tilẹ̀ dán an wò fún ìgbà pípẹ́ tó fi sáré pa á, torí ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń fò bí ọmọ tí wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà. Ó mọ̀ pé ohun tó wà níwájú Ọlọ́run pọ̀, nítorí náà ó gé e kúrú: "Olúwa, ẹ bá mi dì í mú." Lẹ́yìn àmín, ó ránṣẹ́ pe Sípánà.

Sípánà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ilé ṣe ládùúgbò. Fóòmù ló kọ́kọ́ rí.

"Ta ló gbé eléyìí síbẹ̀?"

"Àkọ́bí mi ló ní kí n gbé e síbẹ̀."

"Ṣé ẹnjinníà ni?"

"Olùṣírò owó ni."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó máa ṣírò owó lọ. Màmá, nǹkan tó rọ̀ báyìí, ńṣe ló ń bá a jó. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rílẹ̀ tẹ̀."

Ó yọ fóòmù náà. Ó bu omi sínú abọ́ kan, ó gbé e ka orí ẹ̀rọ, omi náà dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń lọ́ àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà títí omi fi tẹ́jú. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ fa àwọn sípíríǹgì tí dúrọ́ọ̀mù inú rẹ̀ so rọ̀ sí. Ó tẹ dúrọ́ọ̀mù náà mọ́lẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀: ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

"Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ò kú," ni Sípánà wí. "Bó bá ti kú ni, ì bá ṣì máa lọ sókè sódò. Kọnkéré tí wọ́n dè mọ́ ọn kó lè wúwo náà ò sán. Màmá, kí lẹ máa ń kó sínú rẹ̀ gan-an?"

Ó tì í lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé báàfù wá: aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, àpò ìrọ̀rí kan, kaba kan, àti àwọn nǹkan mìíràn tí kò kan Sípánà. Ọkùnrin náà fi omi rin aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù, ó fi ọwọ́ yí i. Aṣọ náà wé mọ́ra, ó di òṣùṣù, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Dúrọ́ọ̀mù ń gbé e gòkè pẹ̀lú ìnira, ó dé òkè, ó sì já lulẹ̀. Gbì.

"Ẹ rí i báyìí? Gbogbo ẹrù ti wà lápá kan, kò sí ohunkóhun lápá kejì tí yóò bá a gbé e. Bó bá wá ń sáré, ó di dandan kó máa fò. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ ìdílé ńlá ni. Bí aṣọ bá pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á pín ara wọn yíká, kò ní í mì rárá. Ẹ sáà ti máa jẹ́ kó kún. Mélòó lẹ wà nílé?"

"Èmi nìkan ni."

Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í di súkúrúù kan tó ti le tẹ́lẹ̀.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ó bá ní kí aṣọ òun nìkan pọ̀ dáadáa kí òun tó fọ̀, ìhòòhò ni yóò wọ lọ sílé ìsìn. Ó wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀, tí kò tíì ṣí látọjọ́ tó ti kú. "Ẹ yá mi ní mẹ́ta," ló wí fún àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀. "Mo máa dá wọn padà."

Ẹ̀rọ náà fọ̀ wọ́n láìfọhùn. Nígbà tó ń fún wọn, tó ń sáré jù, ńṣe ló ń kùn bí ọmọ ológbò, ọ̀pá kankan ò sì gbá àjà. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ló tó gbé e sí imú. Ọṣẹ ló ń rùn.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ń fọ aṣọ mímọ́ ẹni tí kò sí. Alámòójútó ilé rí wọn lórí okùn.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, mo rí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin o! Ẹ ò fi ẹni náà hàn wá."

"Ẹni náà kì í jáde," ló fi dá a lóhùn, ó sì wọlé.

Kọ́là wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Bọ́tìnnì já, ó ń dún nínú dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí ọ̀kan ya lápá, ó tún lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú òmíràn. Ó gbé e sí imú kó tó jáde, àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn: òórùn epo ọkọ̀, òróró ìpara, àti bàbá wọn fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó fi í kọ́ padà. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ti ilé. Kọ́kọ́rọ́ di méjì.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí sì wà nínú báàfù, ó ń wò ó.

Láti ojú fèrèsé ló ti máa ń rí okùn aṣọ Bàbá Aláago. Ọwọ́ ni bàbá náà fi ń fọṣọ, kò sì lè fún un. Omi á máa kán tótó sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Bàbá náà ṣí i, ó fi dígí ìwo-nǹkan-kékeré há ojú kan.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ẹ̀rọ yín ò mì mọ́," ni bàbá náà wí, bí ẹni tó tún fẹ́ fẹjọ́ sùn.

"Ó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Ẹ wá sọ fún mi kí n lè tètè wá ọ̀pá mi?"

"Mo wá gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì yín ni."

Bàbá Aláago yọ dígí, kó lè fi ojú méjèèjì wò ó. Obìnrin náà ṣàlàyé: ẹrù tó wà lápá kan, apá kejì tó ṣófo, aṣọ tirẹ̀ tí kò tó. Kò dárúkọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni bàbá náà wí. "Kẹ̀kẹ́ tó ń mì nínú aago náà ló rí bẹ́ẹ̀. Bí apá kan bá fi wúwo díẹ̀ báyìí, aago á kàn máa parọ́ ni."

"Ẹ mọ̀ ọ́n! Kí lẹ wá ń gbá àjà sí?"

"Ta ló bi mí?" Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo àtẹ̀gùn. "Ó dára. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí. Ó tán. Aṣọ abẹ́ mi ò ní í gun àtẹ̀gùn yẹn."

"Ta ló béèrè aṣọ abẹ́ yín?"

"Mo kàn sọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó bá bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fi tíréè dé e lórí bí oúnjẹ. Ó kó aṣọ àwọn méjèèjì pọ̀. Lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì bàbá náà ni wọ́n ti lẹ ojú kan tó ya, wọ́n rán an wẹ́wẹ́, ó tẹ́jú. Kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin. Kò bi í léèrè, kò sì ní í bi í.

Ẹ̀rọ náà ti ń fún aṣọ, ó ti ń sáré, nígbà tí ó gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò, kò. Ó wo ẹ̀rọ: kò kúrò lójú kan. Ó sáré jáde sórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, kí ló tún dé?"

"Ṣé ẹ ti tan nǹkan náà ni?" Orí bàbá náà yọ nísàlẹ̀. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Ó ti ń yí tipẹ́."

"Háà." Kò tíì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bó bá parí."

"Ṣé kí n fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ ni?"

"Ẹ gbá a. Mo ní etí."

Ó padà sí ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà títí ó fi rọra dúró. Ilé pa rọ́rọ́ bó ti máa ń ṣe. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dojú ọ̀pá rẹ̀ kọlẹ̀, ó sì gbá a, kò, kò.