Sálúbàtà Ìyá Àgbà

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn eruku ẹ̀wà lórí atẹ, àyà mi á já. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́sàn-án ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, nígbà tí aládùúgbò wa sáré wọlé.

“Ẹ wá o. Ìyá Àgbà ti jókòó sẹ́bàá títì lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n dìde.”

Màmá mi ju ọmọorógùn sílẹ̀, mo tẹ̀lé wọn. Èmi ni mo gbé sálúbàtà pẹlẹbẹ Ìyá Àgbà pamọ́ sẹ́yìn àmù, kí wọ́n lè wọ bàtà gogoro tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Èkó, kí àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Orúnkún wọn ti wú, ó ń gbóná.

Màmá mi ní, “Ta ló ní kí ẹ wọ eléyìí? Sálúbàtà yín dà?”

Ìyá Àgbà wò mí.

“Èmi ni mo fẹ́ ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ á re ulé.”

Díẹ̀díẹ̀ ni orúnkún ti ń dùn wọ́n kó tó dọjọ́ náà. Gìgísẹ̀ bàtà yẹn ló tún dẹrù lé e.

Lánàá, mo sọ fọ́mọ mi pé èmi ni mo gbé sálúbàtà náà pamọ́.

Ó ní, “Ṣé Ìyá Àgbà mọ̀?”

Mo ní, “Wọ́n mọ̀. Wọn ò sọ fẹ́nì kan títí tí wọ́n fi kú.”