Ọdún Mẹ́wàá tí Ṣítù Yọ Kúrò

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ṣítù nígbà tó dé Mpape lọ́dún 1980, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lápò rẹ̀ sọ pé ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Ọbayẹmí, kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta, tó ń wá gólì tí yóò máa ṣọ́ ilé fún wọn, ló mú un lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù.

"Ṣé o fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun ni, àbí o fẹ́ padà lọ máa po yẹ̀pẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́?" ni kóòṣì bi í. "Wọn kì í gba gólì tó ti lé ní márùndínlọ́gbọ̀n."

Ṣítù búra. Àwọn mẹ́wàá tó bá nínú ẹgbẹ́ ti búra tiwọn ṣáájú.

Fífọ́ òkúta ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé òòlù rí. Bọ́ọ̀lù niṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1982 tí wọ́n gba ife ní Wuse, àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ sọ ọ́ ní Ilẹ̀kùn, nítorí ohunkóhun kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọdún náà ló gbé Mùlíkàt níyàwó, iléeṣẹ́ sì fún wọn ní yàrá kan.

Ìka ni gólì fi ń jẹun, ìka náà ló sì ń kọ́kọ́ kú lára rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di 1987, ìka mẹ́fà ò ká mọ́, Mùlíkàt ló ń bá a de bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kan ní Kwali, bọ́ọ̀lù tí ọmọdé lè mú yọ́ gba àárín ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

"Kai, ikán ti jẹ Ilẹ̀kùn o!" làwọn èrò ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ géètì ló wá ń wá, nítorí ìjókòó ló pọ̀ níbẹ̀. Ó tọ Láníyì akọ̀wé lọ.

"Àbúrò mi," ni Láníyì wí, "ẹni tó bá ti pé márùndínlógójì ló ń ṣọ́ géètì. Méjìdínlọ́gbọ̀n lo wà nínú ìwé yìí. Orí òkè tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni ọ̀dọ́ ń lọ."

"Mo jù ọ́ lọ, Láníyì."

Láníyì gbé bírò sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ọ́ pé irọ́ lẹ búra, wọn á yẹ ìwé gbogbo ẹgbẹ́ wò, wọn á lé yín pátá. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Ṣítù ronú kan àwọn mẹ́wàá náà, ó ronú kan yàrá tí Mùlíkàt àti ọmọ méjì ń sùn.

"Má kọ ọ́," ló wí.

Ó gun òkè lọ. Òòlù kọ̀ láti dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n bá ní kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di irin mú kí ẹlòmíràn máa lù ú wọnú àpáta. Ó ṣe é fún ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1989, òòlù tàsé irin. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gé.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn lọ s'Ógbómọ̀ṣọ́, Mùlíkàt ka ìwé tí iléeṣẹ́ fi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ sí i létí: pé Ṣítù jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, pé ọ̀dọ́ ṣì ni, kò sì ní pẹ́ rí iṣẹ́ mìíràn.

Ṣítù fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ìwé náà.

"Tún ibi tó ti ní ọ̀dọ́ ni mí kà," ló wí.