Àárọ̀ Tí Bàbá Mi Kò Súre Fún Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn kò tíì máa rán mi lọ sódò lémi nìkan, mo máa ń sín gbogbo ará àdúgbò wa jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ tán, èmi á sọ ọ́ padà ní ohùn rẹ̀ gan-an, àwọn ènìyàn á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn. Ohùn yẹn ló gbé mi kúrò nílé. Òun náà ni mo ṣì fi ń jẹun ní Sharjah níbí, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, nínú yàrá kan ní àdúgbò Rolla, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kùn níwájú àti lẹ́yìn mi. Ẹ má bínú bí mo bá ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹgbẹ́ eléré kan ló wá sí ìlú wa pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan. Ọ̀gá wọn gbọ́ bí mo ṣe ń sín òun fúnra rẹ̀ jẹ lẹ́yìn ìtàgé. Dípò kí ó nà mí, ó tọ àwọn òbí mi lọ, ó ní kí wọ́n fún òun lọ́mọ yìí, òun á tọ́ ọ, òun á sì rán an níléèwé. Ìyá mi gbà. Bàbá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àgbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ilé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe wúwo tó. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ kì í kúrò nílé kí bàbá rẹ̀ má súre fún un. Bí kò tilẹ̀ ju pé ó fẹ́ sùn lóko, bàbá á ní, "Lọ re, bọ̀ re." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí. Bàbá mi di èèkù àdá rẹ̀ mú, ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Awakọ̀ ń fun fèrè. Ìyá mi ló fà mí dìde tó súre tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú bàbá mi ni mò ń wò títí ọkọ̀ fi yà sẹ́yìn ilé ìjọsìn. Kí ọdún tó yí po, wọ́n wá sọ fún mi pé bàbá mi ti kú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ru ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wa dojú dé tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, mo ní ṣebí mo mọ̀, bàbá mi kò súre fún mi. Nígbà tí fíìmù gbòde, tí ẹgbẹ́ wa fọ́n ká, ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Nígbà tí ìyàwó mi kú, n kò sọ ọ́ síta, àmọ́ mo rò ó. Irun mi funfun tán, síbẹ̀ mò ń bi ara mi léèrè bóyá inú bàbá mi ni kò dùn sí mi.

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Dubai, ló mú mi wá síbí. N kò lè máa jókòó lásán, mo bá rí iṣẹ́ díẹ̀ ní Al Rigga ní Dubai, ní òkè ilé oúnjẹ kan, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń fi ohùn Yorùbá sí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Sharjah nìkan tó ohun tó ń sọ àgbàlagbà di aláìsàn, ṣùgbọ́n mò ń lọ. Òṣèré ará Japan kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Bí ó bá ya ẹnu, èmi á sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ wa sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ó bọ́ sínú fíìmù, òkìkí rẹ̀ kàn. Nígbà tí ojú rẹ̀ hunjọ tí orúnkún kò gbé e mọ́, ó jókòó sídìí máíkì, ó ń fi ohùn ṣe bàbá arúgbó nínú fíìmù àwòrán tí àwọn ọmọdé ń wò. Mo ní, ta ló ń sọ ìtàn mi fún ará Japan? Mo ti bá ọkùnrin náà ṣe ọ̀dọ́, mo ti bá a darúgbó, n kò sì fojú kàn án rí. Mo mọ bó ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, a dé ibi tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń lọ sí ìlú ńlá nínú fíìmù kan. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Bàbá ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Èmi kò mọ ìgbà tí mo ní, "Lọ re, bọ̀ re, ọmọ mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ẹ̀ ò ṣí. Client ò ní gbà á."

Mo ní, "Yorùbá wo ló máa wo èyí tí ò ní sọ pé bàbá yìí ti kọ ọmọ ẹ̀?"

"Mo gbọ́ yín, sir, but ẹnu ẹ̀ ò ṣí."

N kì í bínú níbi iṣẹ́, àmọ́ mo bínú lọ́jọ́ náà. Mo ní bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó bá kọ̀wé sí àwọn tó ni fíìmù.

Nígbà tí èsì dé, ẹ̀rín ló bá wọlé. "Daddy, khalas, ẹjọ́ ti parí. Wọ́n ní line wà níbẹ̀ o, baba òṣèré yẹn ló gbàgbé ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní òun ti há a sórí dáadáa, àmọ́ bọ́mọ yẹn ṣe kúnlẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ bá há mọ́ òun lọ́fun. Director ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yìn ín títí dòní."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Eléré bíi tèmi, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ pòórá mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà dá, mo sì jókòó. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ lè wà nínú bàbá mi kó má jáde. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi ríṣẹ́ sí Kánádà. Abẹ́ físà tirẹ̀ ni mo wà, nítorí náà èmi náà ń múra àtipadà sílé. Àárọ̀ tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ fún mi láàárín àwọn àpótí rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó ìre jọ fún un. Mo ya ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ṣé o mú súwẹ́tà?" Ó ní òun mú un. Takisí dé, ó lọ.

Mo padà jókòó sórí àga. Mo ní ó tán, mo ti ṣe é fún un bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Daddy, mo ti wà ní airport. Ẹ ò tíì ṣàdúrà fún mi o."

Ẹnu mi wá ṣí. Mo súre fún un, mo sì tún súre, ó ń ṣe àmín, ó ń sunkún, títí wọ́n fi ní kí àwọn èrò máa wọ bàlúù.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo máa ń bú fóònù yín, mo ní ó ń gba ojú yín lọ́wọ́ wa, n kò sì tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ tó há mọ́ bàbá lọ́fun láàárọ̀ ṣì lè bá ọmọ rẹ̀ kó tó rìn jìnnà. Bàbá mi kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bóyá kété tí ọkọ̀ wa yà ni ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, tó sọ ọ́ tán pátápátá níwájú ilé, tí n kò sì gbọ́.