Bíréèkì Ẹ̀yìn

Èmi tí n kò ríran ni mo máa ń tún bíréèkì kẹ̀kẹ́ wa ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ríran kò fẹ́ kí gíríìsì wọ òun ní èékánná. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì ni: ẹni iwájú ń darí, ẹni ẹ̀yìn ń bá a fẹsẹ̀ wà á. Fadá kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí ojú mi fọ́ tán, kí n má baà fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Àkókó ni a ti wá, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni ilé wa wà, iléèwé mi sì wà lójú ọ̀nà Ìfọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta sìmẹ́ǹtì kò jìnnà síbẹ̀. Bí òun kò bá jókòó síwájú, n kò débi iṣẹ́ nìyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi jẹ gàba lé mi lórí.

Bíréèkì náà kì í ṣe irú onírọ́bà tó ń gbá rímù mú. Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín táyà kọ̀ọ̀kan, páàdì méjì á sì há a mọ́ àárín. Ti iwájú wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ti ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ mi. Etí ni mo fi ń ṣe é. N óò dorí kẹ̀kẹ́ kodò, n óò yí táyà, n óò tẹ́tí sílẹ̀. Bí àwo bá ń ha páàdì, n óò tú bóòtù díẹ̀, n óò ki káàdì fóònù tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀ tán sáàárín wọn, n óò fún bíréèkì mọ́ra, n óò wá dè é padà. Bí mo bá yọ káàdì tí táyà sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti tọ́ nìyẹn.

Ẹni iwájú ló yẹ kó máa sọ ohun tó ń bọ̀ fún ẹni ẹ̀yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di eré. Yóò dákẹ́ títí kẹ̀kẹ́ fi máa kó sí gegele, ìdí mi á fò sókè, òun á sì rẹ́rìn-ín títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí a bá dé ìkóríta, á nawọ́ sí mi fún àwọn ọlọ́kadà pé, "Ẹrù mi rèé o. Ì bá ṣe iṣu ni, ǹ bá ti tà á." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí àwọn ọmọ ń dúró dè mí ní kíláàsì. Mo kórìíra rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, mo sì kórìíra rẹ̀.

Nígbà òjò, bíréèkì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ògógóró nu àwo náà, ó ní òun kò rí afọ́jú mẹkáníìkì rí. Nílé wa, ohunkóhun tó bá ń dún, àdí la fi ń pa á lẹ́nu mọ́: ìlẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ, àní etí tó bá ń ro ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn àdí ló kí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, àdí lẹ dà sí i? Epo kì í kan ibẹ̀. Kò ní mú mọ́."

"Ṣé ó ń han?"

"Kò han. Ẹ jẹ́ kí n nù ún kúrò."

"Bí o bá fọwọ́ kàn án, o ò ní gùn ún lónìí."

Mo gùn ún.

Afẹ́fẹ́ etí mi ló sọ fún mi pé a ti ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo gbọ́ tó fún bíréèkì rẹ̀, mo gbọ́ tó tún un fún. Kò mú. Fèrè ọkọ̀ akẹ́rù kan dún níwájú. Ìka mi wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn, mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kó bẹ̀ mí.

"Dì í mú," ló wí.

"Kí lẹ wí?"

"Dì í mú, jọ̀ọ́. Àbúrò mi, jọ̀ọ́."

Mo jẹ́ kí jọ̀ọ́ yẹn wọ̀ mí lára dáadáa kí n tó fún un. Bíréèkì tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ kò já mi kulẹ̀, a dúró. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n tí irin kẹ̀kẹ́ fi ń gbọ̀n lábẹ́ mi, ó sì dùn mọ́ mi.

Kò lù mí, kò sì bú mi. Títí a fi dé iléèwé, kò sọ ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: "Láti ọ̀la, ẹsẹ̀ rẹ ni kó o máa fi rìn."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀pá mi, mo jáde. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń run orín. A ní pákó kan tí à ń gbà sọdá gọ́tà iwájú ilé. N kò mọ ẹni tó ká a kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì béèrè. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, orín dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró díẹ̀ bóyá á sọ̀rọ̀. Ó tutọ́. Mo gbé ẹsẹ̀, mo sì jìn sínú gọ́tà dé ìbàdí. Ọ̀pá mi ni mo ń fọwọ́ wá nínú omi ìdọ̀tí nígbà tí mo gbọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í run orín rẹ̀.