Ìbọn Kékeré Ló Ń Tàpá Jù

Íńṣì mẹ́fà àtààbọ̀ ni ìbọn náà, láti ẹnu dé ìdí. Mo fi téèpù iṣẹ́ mi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí bùọ̀dá mi gbé e lé orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Télọ̀ ni mí. Ohun tí n kò bá tíì wọ̀n, bí ẹni pé n kò tíì rí i ni.

Ìgbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí ni. Yàrá méjì ni èmi àti ọmọbìnrin mi ń gbé ní Ajah. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, bàbá rẹ̀ sì ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. Láàárín oṣù kan, àwọn adigunjalè wọ ilé mẹ́ta ládùúgbò wa. Ilé kẹta ló fara ti tiwa. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a wà tí a fi gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àpá ìka mi wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti sùn, mo máa ń gbé etí lé àyà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Mo sọ fún bùọ̀dá mi, ẹni tó ti ṣe ṣọ́jà fẹ̀yìntì. Lọ́sẹ̀ kejì ló gbé ìbọn ìléwọ́ náà dé, ó fi tówẹ́ẹ̀lì dì í.

Mo ní, "Bùọ̀dá, ṣé ó ní ìwé àṣẹ?"

"Ìwọ àti ìwé! Bí wọ́n bá dé, ṣé ìwé lo máa nà sí wọn?"

Mo mọ̀ pé kò bófin mu. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, ó fi ọkọ̀ gbé mi kọjá lọ sí apá Ìbẹ̀jú, níbi tí wọ́n kó iyanrìn jọ gègèrè bí òkè. Kò sí ilé nítòsí, ariwo katapílà sì ń wá láti ọ̀ọ́kán. Ó fi páálí kan gún inú iyanrìn, mo sì fi téèpù wọn ibi tí n óò dúró sí. Yáàdì méje.

Mo ti rò pé ìbọn tó kéré yóò rọrùn lọ́wọ́. Bùọ̀dá mi mi orí nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìbọn ńlá, ara rẹ̀ ló ń gba ìpá. Èyí ò lára. Ọwọ́ tìẹ ló máa gbà á."

Mo fa tírígà. Ẹnu ìbọn fò sókè, ìdí rẹ̀ gbá mi ní oríkèé àtàǹpàkò, awọ ibẹ̀ sì bó. Páálí dúró síbẹ̀, kò lu.

"O rí i? Ó ń tàpá," ni bùọ̀dá mi wí.

Níléèwé, ẹnu tíṣà nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, tó bá ń sọ nípa ẹni tó tàpá sófin. N kò mọ̀ pé ìbọn náà ń tàpá. Nígbà tí mo wo àtàǹpàkò mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó dà bí ẹni pé èmi àti ìbọn ti di ẹlẹ́gbẹ́.

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa dì í mú lókè pátápátá, tí ọwọ́ òsì yóò wé ọ̀tún, tí n óò fi ara síwájú díẹ̀. "Má bá a jà. Jẹ́ kó fò, kó sì padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó gba ìbọn, ó kẹ̀yìn sí mi, ó kó ọta sínú àgbá rẹ̀ tó ń yí, tó ní ihò márùn-ún, ó sì dá a padà fún mi pé kí n yìn ín. Ẹ̀ẹ̀kan, ó dún. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó dún. Lẹ́ẹ̀kẹta, "ta" péré ni mo gbọ́, ọta kò sí nínú ihò yẹn. Síbẹ̀ ọwọ́ mi méjèèjì ti já wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi igi lù wọ́n.

Bùọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Télọ̀, ta ló nà ọ́? Ìbọn ò ṣe nǹkan kan, ìwọ lo tàpá! Bí olè bá dé, kó kàn dúró síbi tí o dojú kọ, kò sóhun tó máa ṣe é."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ti dé ọwọ́ mi kí ìbọn tó sọ̀rọ̀, ọmọ mi ni n kò sì ní lè gbà sílẹ̀.

Bùọ̀dá mi ní kí n máa fi fífa tírígà kọ́ra nílé láìsí ọta, kí n gbé bọ́bììnì màṣíìnì mi lé orí ìbọn náà lápá ẹnu. Bí mo bá fà á tí bọ́bììnì bá já bọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Lójoojúmọ́, ní agogo kan, kí ọmọ mi tó ti iléèwé dé, mo máa ń yọ ọta márààrún, màá kà wọ́n sínú agolo bọ́tìnnì, màá gbé agolo náà lọ sí yàrá kejì. Màá wo ihò márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni màá na ìbọn sí òdòdó kan tó wà láàárín kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà wa, màá sì fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Kò sí ọjọ́ tí bọ́bììnì kò já.

Ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. N kò mọ̀ pé omi ti wọ kíláàsì wọn, pé wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Mo ti fà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, bọ́bììnì ṣì wà níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo rọra ń fa ẹ̀ẹ̀kẹwàá, bí bùọ̀dá mi ṣe kọ́ mi, nígbà tí kọ́tìnì ṣí.

Ta.

Ọmọ mi ló dúró níbi tí òdòdó wà, ó gbé báàgì lé orí, omi ń kán lára rẹ̀. Ẹnu ìbọn wà ní ọ̀kánkán àpò àyà yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Bọ́bììnì kò já.

"Mọ́mì, èmi ni."

Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo sáré lọ ṣí agolo. Márùn-ún. Mo wo àwọn ihò náà. Mo tún ọta kà, márùn-ún. Mo dà wọ́n sílẹ̀, mo tún wọn kà. N kò mọ iye ìgbà tí mo kà wọ́n. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ náà ṣì dúró lójú kan pẹ̀lú aṣọ tútù lára.

"Ṣé kí n padà síta ni?" ló bi mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí bùọ̀dá mi wá gbé ìbọn náà.

"Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì ń já ni?"

"Kò já mọ́," ni mo dá a lóhùn. "Kò mì rárá. Ẹ máa gbé e lọ."

N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un títí ó fi kú.

Ọmọ mi ti lọ́kọ báyìí, Igbó Ẹfọ̀n ni wọ́n ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti tú kọ́tìnì náà kúrò, n kò sì fi òmíràn sí i. Ẹnu ọ̀nà mi ṣí sílẹ̀ gbalasa, ẹni tó bá ń bọ̀ ń rí mi láti ìta. Síbẹ̀, bí ọmọ mi bá wá kí mi, yóò dúró lẹ́yìn ògiri níbi tí n kò ti lè rí i, yóò ní, "Mọ́mì, èmi ni," kò sì ní wọlé àfi bí mo bá dá a lóhùn.