Ohun tí Ìyá Kúdí Kọ sí Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé mi kì í kọ̀rọ̀ gígùn síbí. Tòní yàtọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ògiri ilé mi ní Ajah lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Aránṣọ ni. Nígbà tí a ń kọ́ ilé náà, ó máa ń sọ pé fèrèsé tí kò ní ìgbátí dà bí aṣọ tí wọn ò ṣẹ́ létí. Ìgbátí símẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà máa ń fà yí fèrèsé ká níta ló ń wí. Ó pọ̀ lára àwọn ilé Lẹ́kkí, ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é sí, ibi tí àlejò ń wò. Òun ní ti ẹ̀yìn gan-an lòun fẹ́, torí ibẹ̀ lòun ń jókòó sí ránṣọ.

Lọ́jọ́ kan, ó mú téèpù ìránṣọ rẹ̀ àti pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà yí fèrèsé ẹ̀yìn ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ló kọ ọ́ sí pé: "Ìka mẹ́rin ni o. Bàbá Kúdí, ẹ má gbàgbé ti ẹ̀yìn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òrùlé ló kàn. Lẹ́yìn òrùlé, kànga ló kàn. Lẹ́yìn kànga, owó ilé-ìwé Kúdí. Lẹ́yìn ìyẹn, àìsàn dé.

Òrùlé yọ síta níbẹ̀, òjò kì í dé ara ògiri, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò parẹ́. Àràárọ̀ ni mo ń kà á bí mo bá ń fọ ẹnu. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà, òun ló sì kọ́ mi. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ti bá omi lọ nígbà tí àgbàrá wọlé. Ara ògiri yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kù sí.

Lọ́dún yìí, mo ní kí n ṣe ohun tó ní kí n má gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bọ̀dá Gàní, bíríkìlà ni wọ́n, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ń wá oníṣẹ́, inú bí wọn.

"Bíríkìlà wo lẹ tún ń wá kiri? Ṣé mo ti kú ni? Àbí ilé àbúrò mi kọ́ nìyẹn?"

Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn dé. Wọ́n ní àwọn ò gba kọ́bọ̀.

Ṣé ẹ rí ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀? Ká ní oníṣẹ́ tí mo háyà ni, ǹ bá dúró tì í, ǹ bá fọwọ́ hàn án pé má kan ibí. Ṣùgbọ́n àna mi ni, mo ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ta ló ń dúró lé àna rẹ̀ lórí bí ọ̀gá lébìrà?

Mo kàn ní, Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìlà tó wà lára ògiri yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá Kúdí, ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín. Mo ti ń fa ìgbátí fèrèsé kẹ́ ẹ tó mọ ọ̀nà ilé wa."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sí Lẹ́kkí Phase 1, níbi tí mo ti ń tọ́jú stóò. Mi ò sọ ẹni tó fa ìlà náà. Ojú tì mí. Báwo ni àgbà ọkùnrin ṣe máa sọ pé ògiri lòun ń kà láràárọ̀?

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí mo padà dé. Ìgbátí ti dúró. Ìka mẹ́rin gééré ni, wọ́n sì ṣe òkè rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n gbogbo ògiri tó yí i ká ló tutù, tó rí bí eérú. Wọ́n ti fi ṣísẹ́lì ṣá a kí símẹ́ńtì lè dì í mú, wọ́n ṣá a kọjá ìlà, wọ́n sì rẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́tun.

"Ẹ wá wo fèrèsé yín, ó ti di ọkọ ìyàwó. Àwọn lébìrà yín ìjọ́sí ti fi pẹ́ńsùlù ba ògiri yẹn jẹ́ o. Mo ti bá yín tún un ṣe."

Bọ̀dá ò mọ̀wé kà. Ká ní Ìyá Kúdí ò kọ́ mi ni, ìlà lásán ni ì bá jẹ́ lójú tèmi náà.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn èérún ògiri tó wà nílẹ̀, mo ń yí wọn wò. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo wá sọ fún wọn.

Wọ́n ní kí ló kọ síbẹ̀. Mo kà á jáde láti inú orí mi.

Wọ́n jókòó sórí àpò símẹ́ńtì. "Àbúrò mi ni, Bàbá Kúdí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Látọjọ́ yẹn, wọn ò gbé ìpè mi.

Àwọn aládùúgbò ń yin ìgbátí náà. Wọ́n ní èmi nìkan ni mo ṣe ẹ̀yìn ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní gbogbo àdúgbò wa. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé. Ọdún mẹ́ta ni fóònù fi wà lápò mi tí mi ò ya fọ́tò ògiri yẹn. Mo pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ní ìwà pẹ̀lẹ́. Irọ́ ni. Ẹnu tí mi ò là ló ṣá ògiri yẹn, kì í ṣe ṣísẹ́lì Bọ̀dá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹni yín tó ti lọ fi sílẹ̀ tí ẹ̀yin nìkan mọ ohun tó jẹ́? Ta lẹ ti sọ fún? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹnì kan tó bá yín tún un ṣe.