Àgbà Inú Ìgò

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní báọ́lọ́jì ní Àkúrẹ́ kì í wọlé láìdọ̀bálẹ̀ fún ìgò omi kan lórí tábìlì kíláàsì. Ẹ̀dá tín-ín-rín bí òwú ló wà nínú rẹ̀, haidira, tó bù nínú odò ẹ̀yìn ilé wọn ní Oǹdó. Ó ní kì í gbó, torí ojoojúmọ́ ni ara rẹ̀ ń di ọ̀tun.

“Bóyá wọ́n ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ẹ kí wọn.”

Àwa obìnrin á kúnlẹ̀, a ó máa kí òwú.

Lọ́dún tí oúnjẹ wọ́n gógó, tí ẹ̀rọ omi sì gbẹ, ebi fọ́ mi lójú. Omi ìgò yẹn ni mo dà sí gààrí mi, mo sì ti mu ún tán kí n tó rántí.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ṣé o tiẹ̀ kí wọn kí o tó gbé wọn mì?”